Ìmọ́tótó ilé adìẹ àti bíbọ́ adìẹ

Ìmọ́tótó ilé adìẹ àti bíbọ́ adìẹ ni iṣẹ́ méjì tí ó ń gba àkókò olùsìn adìẹ jù lọ lójoojúmọ́. Èyí àkọ́kọ́ jẹ mọ́ mímú kí ilẹ̀, afẹ́fẹ́, ọpọ́n oúnjẹ àti abọ́ omi inú ilé náà wà láìléèérí. Èkejì jẹ mọ́ fífún àgbébọ̀, àkùkọ àti òròmọdìẹ ní oúnjẹ tí ó bá ọjọ́ orí wọn mu. Iṣẹ́ méjèèjì kò ṣe é yà sọ́tọ̀, nítorí pé ilẹ̀ ni adìẹ ti ń ṣa oúnjẹ. Ohunkóhun tí ó bá wà nílẹ̀, ìbáà ṣe ọkà tàbí ìgbẹ́, ni ẹnu rẹ̀ yóò kàn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àrùn tí ń pa òròmọdìẹ ṣe ń gba ẹnu wọlé.

Ìsìn adìẹ ní àgbàlá àti nínú ilé

Láti ìgbà pípẹ́ ni adìẹ ìbílẹ̀ ti ń jẹ̀ kiri ní àgbàlá àwọn ilé ní ilẹ̀ Yorùbá. Yóò máa fi ẹsẹ̀ tan ilẹ̀ wá kòkòrò, ewéko àti ọkà tí ó já bọ́. Onílé a máa da èèrí tàbí àgbàdo fún un ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Àgò ni wọ́n fi ń bo abiyamọ adìẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ kí àwòdì má baà gbé wọn. Àwọn àgbẹ̀ a sì tún máa wá ikán fún òròmọdìẹ, èyí tí ó kún fún èròjà amáradàgbà.

Nínú irú ìsìn yìí, ìgbẹ́ adìẹ kì í kó jọ sí ojú kan. Oòrùn á sá a, òjò á gbá a lọ. Nígbà tí a bá kó adìẹ púpọ̀ sínú ilé kan, ọ̀rọ̀ yí padà: ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí náà ni wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n sì ń sùn. Iṣẹ́ tí oòrùn àti àyè gbalasa ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ ọwọ́ olùsìn.

Ilé adìẹ

Ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú, tí òjò sì ń pọ̀, ibi tí ó ga díẹ̀ tí omi kì í dúró sí ni ó yẹ kí ilé adìẹ wà. Gígùn ilé náà máa ń lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn má baà máa wọ inú rẹ̀ tààrà. Ògiri rẹ̀ kì í ga. Àwọ̀n onírin ni wọ́n fi ń dí ìyókù títí dé òrùlé, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ kọjá. Òrùlé náà gbọ́dọ̀ yọ síta dáadáa, kí òjò má baà fọ́n wọlé.

Fún àwọn adìẹ ayéyin tí a ń sìn sórí ilẹ̀, bíi 5 tàbí 6 ni ó tó fún mítà onígun mẹ́rin kan. Bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ kì í gbẹ, wọ́n á sì máa ṣá ara wọn lẹ́nu jẹ.

Ìtẹ́lẹ̀

Ìtẹ́lẹ̀ ni ohun gbígbẹ tí a tẹ́ sí ilẹ̀ ilé láti fa omi inú ìgbẹ́. Èérún pákó tí gbẹ́nàgbẹ́nà fá dànù àti èèpo ìrẹsì ni wọ́n ń lò jù. Gíga rẹ̀ máa ń tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10. Lẹ́búlẹ́bú igi tí ó kúnná kò dára fún òròmọdìẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, nítorí wọ́n lè máa jẹ ẹ́ bí oúnjẹ.

Ọwọ́ ni a fi ń dán ìtẹ́lẹ̀ wò. Bí a bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, tí a fún un, tí ó sì dì bí òkèlè, omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí eruku bá ń sọ, ó ti gbẹ jù. Èyí tí ó dára yóò lẹ̀ mọ́ra díẹ̀, yóò sì tú ká. Ó yẹ kí a máa tú ìtẹ́lẹ̀ déédéé, kí a kó èyí tí ó bá rin ní àyíká abọ́ omi dànù lójú ẹsẹ̀, kí a sì fi gbígbẹ rọ́pò rẹ̀.

Nígbà tí ìgbẹ́ bá pàdé omi, atẹ́gùn amóníà á máa jáde lára rẹ̀. Bí amóníà inú afẹ́fẹ́ bá ti ju ìdá 25 nínú 1,000,000 lọ, ó ń ba ojú àti ọ̀nà èémí adìẹ jẹ́. Ẹni tí ó ń wọlé síbẹ̀ lójoojúmọ́ lè má gbóòórùn rẹ̀ mọ́, nítorí imú rẹ̀ ti mọ́ ọn lára. Nítorí náà, ó dára kí olùsìn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí dé ibi tí orí adìẹ ga dé, kí ó sì fa èémí níbẹ̀. Bí ojú bá ta á, ó ti pẹ́ tí ara ti ń ni àwọn adìẹ náà.

Fífọ ilé láàárín agbo méjì

Lẹ́yìn tí a bá ti kó agbo kan jáde, wọ́n máa ń fọ ilé náà kí òmíràn tó wọlé. Ètò rẹ̀ nìyí:

1. Kíkó gbogbo ohun èlò àti ìtẹ́lẹ̀ jáde, kí a sì gbá ilé, àwọ̀n àti àjà.
2. Fífi omi àti ọṣẹ fọ ilẹ̀, ògiri, ọpọ́n àti abọ́.
3. Fífi oògùn apakòkòrò sí i ní ìwọ̀n tí a kọ sára ìgò rẹ̀.
4. Jíjẹ́ kí ilé gbẹ pátápátá, kí ó sì ṣófo fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

A kò gbọ́dọ̀ fo ìgbésẹ̀ kejì. Oògùn apakòkòrò tí a bá dà sórí ìgbẹ́ yóò pàdánù agbára rẹ̀ kí ó tó kan kòkòrò.

Òròmọdìẹ

Lẹ́yìn tí adìẹ bá ti sàba lé ẹyin fún ọjọ́ 21 ni ó máa ń pamọ. Pupa ẹyin tí ó kù nínú òròmọdìẹ lè gbé e ró fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Èyí ni ó fi ṣeé ṣe láti kó o rìnrìn àjò. Bí ó bá ti gúnlẹ̀, omi ni a kọ́kọ́ ń fún un, kí oúnjẹ tó tẹ̀ lé e.

Níbi tí kò sí abiyamọ tí yóò ràdọ̀ bò wọ́n, olùsìn ni yóò pèsè ooru. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìwọ̀n 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó bá wọn lára mu; a ó sì máa dín in kù ní bíi ìwọ̀n 3 lọ́sẹ̀ títí ìyẹ́ wọn yóò fi hù. Ìṣe wọn ń sọ bí ooru náà ṣe rí. Bí wọ́n bá ṣù jọ sábẹ́ àtùpà, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà sí i, tí wọ́n sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá tàn káàkiri, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń sùn, ara dẹ̀ wọ́n. Páálí tí a ká róbótó ni wọ́n fi ń sé wọn mọ́, nítorí pé bí igun bá wà, wọ́n lè gun ara wọn pa níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lo ìkòkò èédú gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́, nítorí atẹ́gùn tí èédú ń tú jáde ń pa adìẹ, ó sì ń pa ènìyàn.

Oúnjẹ

Oúnjẹ adìẹ gbọ́dọ̀ ní èròjà afúnnilókun, bíi àgbàdo àti ọkà bàbà. Èròjà amáradàgbà, bíi ẹ̀wà sóyà, ẹ̀pà tí a ti fún òróró rẹ̀ àti ẹja lílọ̀. Pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, fítámì àti èròjà tí ń mú egungun le. Ìwọ̀n amáradàgbà tí adìẹ nílò ń yí padà:

- Òròmọdìẹ ayéyin, láti ọjọ́ kìíní sí bí ọ̀sẹ̀ 8: ìdá 20 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀.
- Adìẹ tí ń dàgbà, títí di ìgbà tí yóò yé: ìdá 14 sí 16.
- Adìẹ tí ń yé: ìdá 16 sí 18.

Adìẹ ayéyin kan ń jẹ bí gíráàmù 100 sí 120 lóòjọ́. Ó tún nílò kálísíọ́ọ̀mù púpọ̀, nítorí òun ni ó pọ̀ jù lọ nínú èèpo ẹyin. Ìkarahun lílọ̀ ni wọ́n sì ń pò mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Bí kò bá rí i jẹ, egungun ara rẹ̀ ni yóò máa yọ ọ́ láti inú rẹ̀. Àmọ́ oúnjẹ adìẹ ayéyin yìí kò yẹ òròmọdìẹ, nítorí kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ lè ba kíndìnrín wọn jẹ́.

Adìẹ kò ní eyín. Iwe rẹ̀ ni ó fi ń lọ oúnjẹ, òkúta wẹ́wẹ́ tí ó gbé mì ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ eyín níbẹ̀. Àwọn Yorùbá ti fi èyí pòwe pé adìẹ ń jẹ, ó ń mu, ó ń gbé òkúta mì, síbẹ̀ ó ní òun kò léyín. Adìẹ inú ilé tí ó ń jẹ odidi ọkà tàbí ewé nílò kí a fún un ní òkúta wẹ́wẹ́.

Àwọn oúnjẹ kan ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ẹ̀wà sóyà tútù ní ohun tí kì í jẹ́ kí amáradàgbà dà nínú ara, nítorí náà a gbọ́dọ̀ yan án. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé tí rírẹ àti sísá ń dín kù. Iyọ̀ àpọ̀jù ń pa òròmọdìẹ. Èyí tí ó léwu jù ni ọkà tàbí ẹ̀pà tí ó ti bu. Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà láti Brazil ṣe. Ìwádìí lórí ikú wọn ni ó mú kí àwọn onímọ̀ mọ májèlé tí à ń pè ní aflatoxin. Síse àti yíyan kò lè mú un kúrò pátápátá. Nítorí náà, orí pákó tí ó ga nílẹ̀ ni ó yẹ kí àpò oúnjẹ wà, níbi tí òjò àti eku kò lè dé.

Omi

Adìẹ ń mu omi tí ó tó bí ìlọ́po méjì ìwọ̀n oúnjẹ tí ó jẹ, ó sì ń ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru. Bí bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹyin ṣe jẹ́ omi, agbo tí òùngbẹ bá gbẹ fún ọjọ́ kan péré lè dín ẹyin kù fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fọ abọ́ omi. Gíga rẹ̀ ń bá ẹ̀yìn adìẹ dọ́gba, kí wọ́n má baà tan ìdọ̀tí sí i. Abọ́ òròmọdìẹ kì í jìn, kí wọ́n má baà kú sómi.

Àrùn

Àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí kòkòrò *Eimeria* ń fà wọ́pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 6. Ẹyin kòkòrò náà ń bá ìgbẹ́ jáde, ṣùgbọ́n kò lè ran adìẹ mìíràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó nílò ọ̀rinrin, ooru àti afẹ́fẹ́ fún bí ọjọ́ kan sí méjì kí ó tó gbó. Ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò kì í pa á. Ìtẹ́lẹ̀ gbígbẹ ni ó ń dá a dúró.

Lúkúlúkú, tí a ń fi orúkọ ìlú Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pè lágbàáyé, lè pa agbo tí kò gba àjẹsára tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò ní oògùn tí ń wò ó sàn. Àjẹsára ni ààbò pàtàkì. Bí a bá ń fi omi fún wọn ní àjẹsára, omi náà kò gbọ́dọ̀ ní oògùn apakòkòrò, nítorí yóò pa àjẹsára náà pẹ̀lú.

Ní oṣù kejì ọdún 2006, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí wọ́n ti rí àrùn lùkúlùkú ẹyẹ ti H5N1, ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Irú àrùn yìí lè ran ènìyàn. Nítorí náà, a kì í pa adìẹ tí ń ṣàìsàn jẹ, a kì í sì í tà á. Ńṣe ni a ń ké sí dókítà ẹranko. Fífi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, yíya bàtà kan sọ́tọ̀ fún inú ilé adìẹ, àti yíya adìẹ tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó dàpọ̀ mọ́ agbo, kì í náni lówó púpọ̀.

Ìlò ìgbẹ́ adìẹ

Ìgbẹ́ àti ìtẹ́lẹ̀ tí a kó jáde jẹ́ ajílẹ̀ tí ó lágbára. Ṣùgbọ́n bí ó bá tutù, ó lè jó gbòǹgbò irúgbìn, ó sì lè kó àrùn wọ inú ẹ̀fọ́. Wọ́n máa ń kó o jọ kí ó jẹrà fún oṣù mélòó kan, ní ibi tí ó jìnnà sí ilé adìẹ àti sí kànga, kí wọ́n tó kó o lọ sí oko.