Ìbàdàn àti Òkè-Ògùn: Ìtàn Ìlú Ńlá àti Ẹkùn Tó Ń Bọ́ Ọ

Etí ibi tí igbó ti pàdé ọ̀dàn ni wọ́n tẹ Ìbàdàn dó sí, láàárín àwọn òkè bíi Màpó àti Mọ́kọ́lá, níbi tí omi Ọ̀nà, Ògùnpa àti Kúdẹtì ń ṣàn gbà kọjá. Òkè-Ògùn wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, Kìṣí àti Ìgbẹ́tì, ó sì bá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ pààlà. Ọ̀dàn ni ilẹ̀ ibẹ̀, àpáta ńláńlá sì yọrí káàkiri. Nítòsí Ṣakí ni odò Ògùn ti ṣẹ̀, kó tó gba Abẹ́òkúta lọ sínú ọ̀sà l'Ékòó. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni méjèèjì wà lónìí: ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni ti Ìbàdàn àti abúlé rẹ̀, 10 sì ni ti Òkè-Ògùn.

Òkè-Ògùn ló dàgbà jù nínú wọn. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tí Nupe lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, Ìgbòho ní Òkè-Ògùn ni ààfin ṣí lọ, ibẹ̀ sì ni wọ́n sin Aláàfin mẹ́rin sí. Ní ti Ìbàdàn, ibùdó ogun ni. Nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́ jókòó síbẹ̀. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, láàárín 1835 sí 1837, Ọ̀yọ́-Ilé tú, àwọn ará ọ̀dàn sì fọ́n ká. Àwọn kan dúró sí Òkè-Ògùn, wọ́n fi òkè ṣe odi: abúlé púpọ̀ kó ara wọn jọ sí Òkehò nítorí ìbẹ̀rù ogun Dàhòmì àti ti Fúlàní. Ọ̀pọ̀ sá lọ sí gúúsù, wọ́n sì sọ Ìbàdàn di ìlú ńlá. Ìbàdàn ló dá ogun Ìlọrin dúró l'Óṣogbo ní 1840, òun náà ló fọ́ Ìjàyè Kúrunmí ní 1862.

Àsìkò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀nà àwọn méjèèjì pín. Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní 1893, ọkọ̀ ojú irin sì dé ibẹ̀ láti Èkó ní 1901. Láti Ìbàdàn, wọ́n tẹ́ ojú irin náà gba Òṣogbo lọ sí Ìlọrin. Kò yà sí Òkè-Ògùn rárá. Igbó ẹ̀bá Ìbàdàn gba kòkó, ọ̀dàn kò gbà á. Owó kòkó àti ojú irin yìí ló gbé Ìbàdàn ga. Ní Òkè-Ògùn, ohun tí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rí lára ìjọba tuntun ni àṣẹ àti ilé ẹjọ́ tí wọn kò fẹ́, èyí tó mú kí Ìsẹ́yìn àti Òkehò dìde ní 1916. Ìjọba fi àwọn ọmọ ogun tẹ ìdìde náà rì, ní ọdún tó tẹ̀ lé e sì ni wọ́n kó Òkehò sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.

Ìbàdàn bọ́ kúrò lábẹ́ àṣẹ Aláàfin Ọ̀yọ́ ní 1934, ó di olú ìlú ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1939. Nígbà ìkànìyàn 1952, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lé ní 459,000, ó ju Èkó lọ. Yunifásítì dé ní 1948, ilé ìwòsàn ńlá UCH ní 1957, Ilé Kòkó sì parí ní 1965.

Síbẹ̀, oúnjẹ àti aṣọ kò jẹ́ kí ìlú ńlá náà ya ara rẹ̀ kúrò lára ẹkùn òkè. Iṣu, èlùbọ́, àgbàdo, gbágùúdá àti ẹ̀gúsí ń ti Òkè-Ògùn wọ ọjà Bódìjà. Ẹtù, sányán àti àlàárì tí wọ́n hun n'Ísẹ́yìn ń dé ọjà Òjé. Nígbà tí ilé iṣẹ́ sìgá bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní 1937, àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn wà lára àwọn tó wá ń gbin tábà fún un. Ewé ni wọ́n ń tà. Ìlú ńlá ló ń sọ ọ́ di sìgá, ibẹ̀ náà sì ni èrè tó pọ̀ jù ń dúró sí.

Àṣà kí èrè máa dúró sí ìlú ńlá yìí ló yẹ kó yí padà. Ìsédò Ìkéré nítòsí Ìsẹ́yìn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà ìjọba Ààrẹ Shagari láti fi bomi rin oko, kí ó sì mú iná mànàmáná wá, pẹ́ gan-an láìparí. Ṣùgbọ́n ní 2021, ìjọba ìpínlẹ̀ parí títì Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, tó gùn tó kìlómítà 65. Mọ́níyà yìí kan náà ni ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó ń parí ìrìn sí. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹrù Òkè-Ògùn rí ọ̀nà tó dán dé ìdí ojú irin. Bí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe èlùbọ́, òróró àti aṣọ bá tẹ̀ lé títì náà lọ sí Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, èrè iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ahunṣọ yóò máa kù sọ́wọ́ àwọn tó ṣe é.