Nurse Practitioner Ìdílé

Nurse practitioner jẹ́ nọ́ọ̀sì tó kàwé kọjá ti nọ́ọ̀sì gbogboògbò, tó sì láṣẹ láti yẹ aláìsàn wò, kó sọ àìsàn tó ń ṣe é, kó sì kọ oògùn fún un. Ní Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1965, Loretta Ford, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti Henry Silver, dókítà àwọn ọmọdé, dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado, nítorí pé dókítà kò kárí. Ìtọ́jú àwọn ọmọdé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Lónìí, ẹni tó bá yan ìtọ́jú ìdílé ń tọ́jú tọmọdé tàgbà. Ìwúlò rẹ̀ tún hàn nínú ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ. Ẹni tó wá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru lè gba ìwé PHQ-9: ìbéèrè mẹ́sàn-án nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, lórí oorun, oúnjẹ, ìsoríkọ́, títí dórí èrò àtipa ara ẹni. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba máàkì 0 sí 3, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì lè ju 27 lọ. Bó bá ti tó 10, nọ́ọ̀sì á tẹ́tí sí i dáadáa. Ẹni tí kò jẹ́ tẹsẹ̀ bọ ilé ìwòsàn ọpọlọ láé, nítorí ohun táráyé á wí, lè dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì yìí. Bó bá le, wọ́n á darí rẹ̀ sọ́dọ̀ onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ.

Òfin àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà lórí iṣẹ́ yìí kò dọ́gba: ní Oregon, nọ́ọ̀sì yìí lè dá ṣiṣẹ́, àmọ́ ní Texas, ó gbọ́dọ̀ ní àdéhùn pẹ̀lú dókítà kó tó lè kọ oògùn.