Gbági, Mbárí àti Àmàlà Skye: Ìtàn Àwọn Ibi Tí A Fẹ́ràn Ní Ìbàdàn

Ìgbìmọ̀ ní kí àwa akọ̀wé kọ ìtàn díẹ̀ sínú ìwé ọdún yìí. A ro ó títí, a wá ní ká kọ nípa àwọn ibi tí ará Ìbàdàn fẹ́ràn láti máa rà, láti máa jẹ, àti láti máa wòran. Àwọn ọmọ wa la ń rò. Bí a bá ní “Gbági” fún wọn, Gbági Tuntun tó wà lọ́nà Ifẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ Bọ́lá Ìgè sọ, nìkan lọkàn wọn ń lọ.

Gbági tí àwọn ìyá wa mọ̀, ẹ̀gbẹ́ Dùgbẹ̀ ló wà. Rélùwéè ló bí i. Ọdún 1901 ni ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ni àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó, John Holt, UAC, CFAO àti SCOA, kọ́ ilé ìtajà sí agbègbè yẹn. Àwọn ará Lẹ́bánónì tẹ̀ lé wọn dé, títí dòní òpópónà kan ṣì ń jẹ́ Lebanon Street níbẹ̀. Kingsway náà wà ní Dùgbẹ̀, ibi tí èèyàn ti lè wọlé wo gbogbo nǹkan tán, kó jáde láìra abẹ́rẹ́. Ó ti kógbá sílé tipẹ́.

Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, kì í ṣe ilé ńlá wọ̀nyẹn ló mú kí èrò fẹ́ràn Gbági. Àwọn obìnrin ni. Wọ́n á gba ìgàn aṣọ ní àwìn lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì, wọ́n á wá máa gé e ní ọ̀pá méjì, ọ̀pá mẹ́ta, fún ẹni tówó ẹ̀ ò ká odidi ìgàn. Oníbàárà dé, wọ́n á fún un níjòókòó, wọ́n á béèrè ọmọ, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà. Èwo ni Kingsway ṣe nínú ìyẹn?

Olórí láàárín wọn ni Alhaja Humuani Alága. Ní 1938 ó kó àwọn obìnrin jáde láti tako àwọn oníṣòwò Lẹ́bánónì tó fẹ́ gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 1958, òun àti àwọn obìnrin Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀. Nígbà tó di 1964, ẹgbẹ́ náà ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ girama fún àwọn ọmọbìnrin, àwọn kan nínú àwọn ọmọ yín sì jáde níbẹ̀. Ẹgbẹ́ obìnrin bíi tiwa ló ṣe é o.

Kò jìnnà sí Gbági yìí náà ni Mbari Club wà. Ní 1961, Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, J. P. Clark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gba ilé oúnjẹ àtijọ́ kan tó jẹ́ ti ará Lẹ́bánónì, wọ́n sọ ọ́ di ibi eré, ibi àwòrán àti ibi ewì. Àwọn náà ló tẹ ìwé ewì Okigbo, Heavensgate, jáde ní 1962. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni mbari. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ ṣí irú ẹ̀ sí Òṣogbo lọ́dún yẹn kan náà, ilé ọtí ara ẹ̀ ló fi ṣe é. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ orúkọ náà, wọ́n sọ ọ́ di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, mà á yọ̀. Ibẹ̀ ni Ọba Kò So ti jáde ní 1963. Ti Ìbàdàn ò pẹ́ láyé. Ogun dé, Okigbo kú lójú ogun ní 1967, àwọn yòókù fọ́n ká.

Cocoa House ńkọ́? Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, àjà 26, ọdún 1965 ni wọ́n parí ẹ̀. Iná jó o ní 1985, ó di 1992 kí wọ́n tó tún un ṣí. Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ta ló tún ń pè é bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ló gbé wa dé ìdí àmàlà. Ilé àmàlà kan wà ní Bódìjà tí òṣìṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti ọlọ́kọ̀ ńlá ti jọ ń tò fún oúnjẹ. Ẹ̀yin tó ń ta èlùbọ́ nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ mọ iye àpò tí Òkè-Ògùn ń kó wá sí Bódìjà nítorí irú ilé oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Àmàlà Skye ni gbogbo ayé ń pe ibẹ̀, nítorí Skye Bank tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ibi tí Skye ti wá. Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti dá Co-operative Bank sílẹ̀ ní 1953, báńkì àwa alájẹṣẹ́kù gan-an. Ní 2006 wọ́n pa á pọ̀ mọ́ báńkì mẹ́rin mìíràn, wọ́n sọ ọ́ ní Skye. Ní 2018, ìjọba gba ìwé àṣẹ Skye, Polaris bọ́ sípò ẹ̀. Ẹni tó bá ń wá Skye n'Íbàdàn báyìí, ewédú àti gbẹ̀gìrì ni yóò bá.

Ẹ má rò pé ẹ̀rín nìkan ni. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan fi ogún ọdún ta oúnjẹ lójú kan. Wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀ júwe àdúgbò. Onílé ta ilé, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún un. Àwọn èèyàn ṣì ń fi orúkọ ẹ̀ júwe ọ̀nà, òun ò sì sí níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ èrè ọdún yìí fi gbóná nípàdé tó kọjá: ṣé ká pín gbogbo ẹ̀, àbí ká fi ìdajì ra ilẹ̀ tí a ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ sí? Àwa akọ̀wé ò fi tiwa pa mọ́, ilẹ̀ la fẹ́. Owó tí a bá pín, owó ilé ìwé á gbé e jẹ kó tó di oṣù kejì.

Ìpàdé gbogbogbòò ni yóò dìbò sí i, kì í ṣe ìgbìmọ̀. Ẹni tó bá ní fọ́tò Gbági àtijọ́, tàbí ìwé Co-operative Bank tí ìyá ẹ̀ fi pamọ́, kó jọ̀wọ́ mú un dání lọ́jọ́ náà. A fẹ́ tò wọ́n sórí tábìlì, kí àwọn ọmọ rí wọn kí wọ́n tó jókòó ti oúnjẹ.