Àáké, Ayùn àti Ẹ̀mí Ènìyàn: Ìtàn Iṣẹ́ Agégi àti Ewu Inú Rẹ̀ ní Agbègbè Ìwàràjà, Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àyẹ̀wò ìtàn iṣẹ́ àwọn agégi gẹdú ní agbègbè Ìwàràjà àti ní àwọn igbó tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ká. Ó tọpa iṣẹ́ náà láti ayé àáké dé ayé ẹ̀rọ ìgégi. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé bí agbára láti gé igi ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye ènìyàn tí ń pín ewu iṣẹ́ náà ń dínkù, títí tí gbogbo rẹ̀ fi bọ́ sórí agégi nìkan. Ó tún ṣe àgbéyẹ̀wò òfin tí ó yẹ kí ó dáàbò bo òṣìṣẹ́ náà àti ìdí tí òfin ọ̀hún kì í fi í kàn án lára.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí igi bá wó lu igi, tòkè rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń gbé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa pa òwe yìí láti fi kọ́ni pé ọ̀ràn tí ó wà lójú kánkán ni kí á kọ́kọ́ yanjú. Lọ́dọ̀ agégi, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí gan-an ni. Igi tí ó wó tí ó sì há sórí igi mìíràn wà lára ohun tí ó léwu jù lọ nínú igbó, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè sọ ìgbà tí yóò já wálẹ̀. Ẹni tí ó bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tàbí tí ó gbìyànjú láti gé igi ìsàlẹ̀ tí ó gbé e dúró, ti fi orí ara rẹ̀ wéwu.

Ìwàràjà wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Oríadé, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tí ó ti Iléṣà wá ti pín sí méjì: ọ̀kan doríkọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti ilẹ̀ Èkìtì, èkejì gba Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Àkúrẹ́. Igbó kìjikìji ni ilẹ̀ agbègbè náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì jìnnà sí igbó ọba tí a mọ̀ sí Ìkéji-Ìpetu. Ìlú tí ó bá wà ní ìkóríta báyìí kò lè ṣàìrí ọkọ̀ agbégilódò, èyí tí ń kó ìtì igi lọ sí ilé ìlagi. Orúkọ ọkọ̀ yìí pàápàá ní ìtàn nínú, nítorí pé kí ọ̀nà ọkọ̀ tó dé, ojú odò ni wọ́n ti ń gbé gẹdú lọ sí èbúté. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn ìtì igi náà, ìyẹn ẹni tí ó gé e lulẹ̀, ni ìtàn kì í sábà dárúkọ.

Igi Gígé Láyé Àtijọ́

Kí òwò gẹdú tó gbilẹ̀, oko dídá ni ó sábà ń mú kí Ìjẹ̀ṣà gé igi. Àáké àti àdá ni irinṣẹ́. Àgbẹ̀ kì í gé gbogbo igi inú oko. A máa dá àwọn igi ńlá kan sí fún ibòji, fún oògùn tàbí nítorí pé wíwó wọn ju agbára ilé kan lọ. Nígbà mìíràn a máa dáná sí ìdí igi kí ó lè kú díẹ̀díẹ̀ lórí ìdúró. Iṣẹ́ tí ó bá pọ̀ di ti àáró tàbí ọ̀wẹ̀. Bí ewu bá wà níbẹ̀, ojú púpọ̀ ni ó ń ṣọ́ ọ, ọwọ́ púpọ̀ ni yóò sì gbé ẹni tí ó bá farapa wálé.

Ẹ̀sìn náà ní ipa tirẹ̀. Àwọn Yorùbá gbà pé ìrókò ní ẹ̀mí tí ń gbé inú rẹ̀, a kì í sì í dédé yọ àáké sí i láìṣe ètùtù. Ohun yòówù tí ènìyàn lè rò nípa ìgbàgbọ́ yìí, àǹfààní kan wà lára rẹ̀ fún òṣìṣẹ́: ó ń fa ọwọ́ kánjúkánjú sẹ́yìn. Ẹni tí yóò ṣètùtù ní láti yí ìdí igi ká, kí ó wo òkè rẹ̀, kí ó sì fún iṣẹ́ náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Igi tí a fojú rénà ni í gún ni lójú, àwọn baba ńlá wa kò sì fojú rénà ìrókò.

Ìjọba Amúnisìn àti Òwò Gẹdú

Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òfin mú igbó. Ní ọdún 1899 ni wọ́n dá igbó ọba Olókèméjì sílẹ̀, òfin igbó sì tẹ̀ lé e ní 1901 àti 1908. Lábẹ́ ètò tuntun yìí, ẹni tí yóò gé igi ńlá ní láti gba ìwé àṣẹ, kí ó san owó orí igi, kí òṣìṣẹ́ igbó sì fi òòlù lu àmì sára ìtì. Ìjọba fi òdiwọ̀n sí bí igi ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó kí a tó gé e. Ó hàn gbangba pé igi ni ètò náà ń kà: irú igi, ìwọ̀n rẹ̀ àti owó rẹ̀. Kò sí àyè nínú ìwé àṣẹ igi fún orúkọ ẹni tí yóò dì àáké mú.

Ojú irin dé Òṣogbo ní 1907. Ní 1928, iṣẹ́ ń lọ lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà yìí gan-an ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà, tí ó ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ ilẹ̀, nígbà tí ó gba ìpè tí ó sọ ọ́ di ajíyìnrere. Ọ̀nà ọkọ̀ ni ó sọ igi inú igbó di ọjà. Lákòókò kan náà, owó kòkó àti èrè òwò òṣómàáló ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípáànù káàkiri ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Páànù kò ṣeé kàn láìsí igi àjà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò sì ṣeé kọ́ láìsí pákó. Báyìí ni ọ̀gànwó, arère, afárá, ìdígbò àti ìrókò di ohun tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ń wá kiri.

Ayùn gígùn ẹlẹ́ni méjì ni àwọn lagilagi fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á yí ìtì sórí rẹ̀. Ọ̀kan dúró lókè, èkejì wà nínú kòtò tí ìyẹ̀fun igi ń dà sí i lójú. Gígé igi náà kò rọrùn. Gbòǹgbò àwọn igi igbó kìjikìji a máa gbilẹ̀ nídìí bí ògiri, nítorí náà àwọn agégi ní láti fi òpó kan àkàbà yí igi ká, kí wọ́n dúró lé e ní gíga, kí wọ́n sì máa fi àáké gé e láti òkè gbòǹgbò náà. Bí igi bá ń wó, láti orí àkàbà yẹn ni wọ́n ti máa fò sílẹ̀.

Ìdé Ẹ̀rọ Ìgégi

Ní ilẹ̀ Jámánì, Andreas Stihl ṣe ẹ̀rọ ìgégi oníná mànàmáná ní 1926 àti elépo ní 1929. Àwọn ẹ̀rọ àkọ́kọ́ wọ̀nyí wúwo. Ní 1950 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ elépo tí ẹnì kan lè dá lò jáde, nígbà tí ó sì di 1959, ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní Contra ti fúyẹ́ tó bí kílógíráàmù 12. Irú ẹ̀rọ báyìí ni ó tàn dé ilẹ̀ wa lẹ́yìn òmìnira. Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fòfin de kíkó ìtì igi lọ sí òkèèrè. Èyí kò dá àáké dúró, nítorí pé owó epo rọ̀bì ti sọ ilé kíkọ́ di ìdíje nílé, ọjà pákó sì ń gbòòrò sí i.

Ẹ̀rọ náà sọ iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ di iṣẹ́ wákàtí díẹ̀. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé ó tú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ká. Níbi tí ènìyàn mẹ́rin tàbí mẹ́fà ti ń yí ìdí igi ká, ẹni tí ó di ẹ̀rọ mú àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ni ó kù. Ariwo ẹ̀rọ, tí ó máa ń ju 100 dẹ́síbẹ̀lì lọ, kò jẹ́ kí agégi gbọ́ bí igi ṣe ń ké, bẹ́ẹ̀ sì ni igbe igi ni àwọn àgbà agégi fi ń mọ̀ pé àsìkò àtisá ti tó.

Ewu Inú Iṣẹ́ Náà

Ìmọ̀ nípa bí a ṣe ń gé igi láìfarapa kì í ṣe àṣírí. Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́, ILO, tẹ ìlànà ìdáàbòbò fún iṣẹ́ inú igbó jáde ní 1998. Agégi ní láti kọ́kọ́ gé ẹnu sí ìhà tí ó fẹ́ kí igi wó sí, kí ó tó gé e láti ẹ̀yìn. Ó gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n díẹ̀ sílẹ̀ láàárín tí yóò máa darí igi bí ìdè ìlẹ̀kùn. Ó gbọ́dọ̀ ti la ọ̀nà àsálà sílẹ̀ sí ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹlòmíràn kò sì gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí kò jìnnà tó ìlọ́po méjì gíga igi náà.

Igbó ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà fi tirẹ̀ kún un. Ìtàkùn a máa so orí igi kan mọ́ òmíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí igi tí ń wó yóò fi fa ẹ̀ka igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ já lu ẹni tí ó rò pé òun ti sá àsálà. Ẹ̀ka gbígbẹ tí ó há sókè lè já láìsí atẹ́gùn. Àwọn agégi òyìnbó ní orúkọ kan fún irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ‘asọni-dopó’. Igi tí inú rẹ̀ ti jẹrà lè wó kí a tó gé e dé ìdajì. Èyí tí ó tẹ̀ púpọ̀ lè là sókè lójijì kí ó sì gbá agégi láyà. Orí ẹ̀rọ pàápàá lè ta sẹ́yìn sí ojú tàbí ọrùn. Lórí ilẹ̀ olókè bíi ti ìhà Ẹ̀fọ̀n, ìtì tí a ti gé tán ṣì lè yí lu òṣìṣẹ́.

Kódà níbi tí irinṣẹ́ ìdáàbòbò ti pé, iṣẹ́ náà ń pani. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2023, nínú òṣìṣẹ́ agégi 100,000, iye tí ó bá iṣẹ́ lọ jẹ́ 98.9, nígbà tí ti gbogbo òṣìṣẹ́ orílẹ̀-èdè náà lápapọ̀ jẹ́ 3.5. Agégi ibẹ̀ ní akoto, ìbòtí, bàtà onírin àti ṣòkòtò tí ẹ̀rọ kò lè tètè gé já. Ó ṣòro láti bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pàdé lára agégi tiwa. Bàtà rọ́bà àti ẹ̀wù iṣẹ́ lásán ni ó wọ́pọ̀.

Owó Iṣẹ́ àti Òfin

Bí a ṣe ń san owó iṣẹ́ náà wà lára ewu rẹ̀. Onígẹdú ni ó ń gba ìwé àṣẹ tàbí tí ó ń ra igi lọ́wọ́ olóko. Iye igi tí agégi bá gé, tàbí iye pákó tí ó bá là, ni yóò gba owó lé. Wákàtí tí ó bá fi la ọ̀nà àsálà, tí ó fi gé ìtàkùn tàbí tí ó fi dúró kí atẹ́gùn rọlẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sanwó rẹ̀. Ètò báyìí ń jẹ oníṣọ̀ọ́ra níyà, ó sì ń san ẹ̀san fún oníkánjú.

Òfin gba-mábìínú fún òṣìṣẹ́ kì í ṣe tuntun ní Nàìjíríà. Àkọ́kọ́ jáde ní 1941, a tún un ṣe ní 1987, òfin ọdún 2010 sì rọ́pò rẹ̀. Lábẹ́ òfin 2010, agbanisíṣẹ́ ní láti máa san ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò tí àjọ NSITF ń bójú tó. Bí òṣìṣẹ́ bá kú sẹ́nu iṣẹ́, tí ó sì fi ìyàwó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n máa rí gbà.

Òfin yìí dára, ṣùgbọ́n owó oṣù ni ó gbára lé. Agégi kò ní owó oṣù. Kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé onígẹdú. Bí opó rẹ̀ bá tilẹ̀ mọ̀ pé òfin wà, kí ni ìdá 90 nínú ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀? Òfin ilé iṣẹ́ ti 1987 náà kò ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí ibi tí a ti ń ṣe nǹkan tàbí tún un ṣe ni ó kọjú sí. Ilé ìlagi wà lábẹ́ rẹ̀. Igbó tí ìtì ti wá wà lẹ́yìn ògiri rẹ̀. Ohun tí ó sábà ń kù fún ìdílé ni owó ìsìnkú tí onígẹdú bá fínnúfíndọ̀ mú wá, àti ọ̀rọ̀ ìtùnú pé àmúwá Ọlọ́run ni.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí a tọpa yìí fi hàn pé ewu iṣẹ́ agégi kì í ṣe àyànmọ́ nìkan. Láyé ọ̀wẹ̀, ewu náà jẹ́ ti agbo. Láyé ìwé àṣẹ, ìjọba àti agbaṣẹ́ṣe pín èrè, wọ́n fi ewu sílẹ̀ fún alágbàṣe. Láyé ẹ̀rọ, ó bọ́ sórí ẹni kan ṣoṣo tí kò gbọ́ ohun tí igi ń wí. Ohun méjì ni ó jẹ yọ. Èkíní, bí ìwé àṣẹ bá lè kọ irú igi àti ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó lè kọ orúkọ ẹni tí yóò gé e àti iye tí yóò gbà. Láti ibẹ̀ ni òfin 2010 ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún un. Èkejì kan àwọn olùkọ́. Àwọn tí ó fi àáké àti ayùn ẹlẹ́ni méjì ṣiṣẹ́ ti dàgbà púpọ̀, ìmọ̀ wọn kò sì sí nínú ìwé kankan tí akẹ́kọ̀ọ́ lè yá. Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni tí a bá rán lọ fi iṣẹ́ kọ́ra ní Ìwàràjà, Ẹ̀rìnmọ̀ tàbí Ìpetu lè fi ọjọ́ Sátidé kan jókòó ti irú àgbà bẹ́ẹ̀, kí ó béèrè orúkọ igi, orúkọ irinṣẹ́ àti orúkọ àwọn tí igbó kò dá padà, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́.