Ta ni ó wúlò jù lọ nínú ikọ̀ bésíbọ́ọ̀lù?
Láti ọdún 1931 ni ẹgbẹ́ àwọn akọ̀ròyìn bésíbọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi ìbò yan agbábọ́ọ̀lù tó wúlò jù lọ fún ikọ̀ rẹ̀, ẹnì kan ní líìgì kọ̀ọ̀kan. Ìlànà ìbò náà kò sọ ìtumọ̀ ìwúlò ní pàtó. Ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn kò fi tán. Àwọn kan ní ẹni tí ikọ̀ rẹ̀ bá borí nìkan ló tọ́ sí. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1987, Andre Dawson gbà á. Ìgbà 49 ló fi igi gbá bọ́ọ̀lù tó sì sáré yí pápá po délé, síbẹ̀ ikọ̀ rẹ̀, Chicago Cubs, ló gbẹ́yìn ní ìsọ̀rí wọn. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ohun tí ikọ̀ yóò pàdánù bí ẹni náà kò bá sí ni òṣùwọ̀n ìwúlò rẹ̀.