Ta Ni Ó Kọ́ Ọmọ ní Ìkòkò Mímọ?

Ọ̀rọ̀ amọ̀ ni mo mú wá.

Ní ọdún kan, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì kẹta lọ sí etí odò. A wa amọ̀, a fi mọ ìkòkò kéékèèké, a sì dáná sun wọ́n lọ́jọ́ kejì. Gbàù! Gbàù! Kò ku ẹyọ kan. Ọmọbìnrin kan bú sẹ́kún. Ìyá àgbà kan tí ń mọ ìkòkò ládùúgbò gbọ́ ariwo, ó yà sọ́dọ̀ wa, ó ní, "Tíṣà, ta ni ó kọ́ yín?" Mo ní, "Ìwé ni mo kà, mà." Ó rẹ́rìn-ín.

Ìyá jókòó, ó ṣàlàyé. Omi ṣì kù nínú amọ̀ wa. Nígbà tí iná mú un, ó di oru, kò rí ọ̀nà jáde, ó sì fọ́ ìkòkò. Ó ní kí a gún àpáàdì lúbúlúbú, kí a pò ó mọ́ amọ̀, kí a sì fi ìkòkò sábẹ́ ibòji títí yóò fi gbẹ dénú.

Ìbéèrè ìyá náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ó lé ní 500 ọdún tí àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ ti ń fi amọ̀ mọ orí ènìyàn, tí wọ́n sì ń fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá wọn. Ta ni ó kọ́ wọn? Kì í ṣe ìwé. Àgbà ni ó kọ́ ọmọdé.

Ẹ tún wo Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi, tí a bí ní ìlú Kwali ní nǹkan bí ọdún 1925. Ìyá kan nínú ẹbí rẹ̀ ni ó kọ́ ọ láti kékeré. Ní ọdún 1950, Michael Cardew, amọ̀kòkò ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí ìkòkò rẹ̀ láàfin Ẹ́míà Abuja, ìlú tí a ń pè ní Suleja nísinsìnyí. Cardew dá ilé-ẹ̀kọ́ ìkòkò sílẹ̀ níbẹ̀, Ladi sì wọ ibẹ̀ ní ọdún 1954, òun ni obìnrin àkọ́kọ́. Ó kọ́ bí a ti ń lo kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò, àti bí a ti ń mú ìkòkò dán bí díńgí. Síbẹ̀, ọwọ́ lásán ni ó fi ń mọ àwọn ìkòkò omi ńláńlá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá náà ti kọ́ ọ. Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní ọdún 1977. Ó kú ní ọdún 1984. Ẹ yí owó náírà 20 sẹ́yìn, ẹ ó rí àwòrán rẹ̀.

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ náà kò pa ẹ̀kọ́ ìyá rẹ́. Ó fi kún un ni. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní amọ̀, ẹ pe ìyá amọ̀kòkò wọ kíláàsì, ẹ sì fún un ní àga. Ike ti gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí yóò jogún iṣẹ́ náà ń dín kù.

Àwa náà pe ìyá wa padà. Ọjọ́ 10 ni a fi gbẹ́kẹ̀ lé ibòji kí a tó dáná. Ìkòkò 23 wọ iná, 19 jáde láìfọ́. Ọmọ tí ó sunkún lọ́jọ́sí gbé tirẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì délé. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná.

Ó dìgbà kan ná.