Àga Àdàmọ́ra fún Ọkọ̀ Ìje Oníjókòó Kan

Àga àdàmọ́ra ni àga tí a dà mọ́ ara awakọ̀ kan pàtó nínú ọkọ̀ ìje oníjókòó kan, ìyẹn ọkọ̀ eré ìje tí inú rẹ̀ kò gbà ju ẹnì kan lọ, tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì sábà máa ń wà ní gbangba, irú èyí tí a ń rí nínú ìdíje Formula 1. A kì í ra irú àga bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ, nítorí pé ara ẹni tí yóò lò ó gan-an ni a fi ń ya ẹ̀dà rẹ̀: awakọ̀ yóò wọ gbogbo aṣọ ìje rẹ̀, yóò jókòó sínú ọkọ̀, a ó sì da ohun olómi tó ń wú, tó sì ń le, sí abẹ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀, títí tí yóò fi gba àwòrán ìbàdí, ìhà àti èjìká rẹ̀. Àyọkà yìí ṣe àlàyé iṣẹ́ náà, ó sì wo bí ohun èlò rẹ̀ àti ọwọ́ tó lè ṣe é ṣe súnmọ́ Àjàó Estate tó, àdúgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ìpínlẹ̀ Èkó.

Bí ọkọ̀ Formula 1 bá ń gba kọ́nà pẹ̀lú eré, agbára tó ń ti awakọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lè ju ìlọ́po 4 ìwúwo ara rẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wọn kílò 70 yóò máa gba títì tó tó ti ẹrù kílò 280. Bí àga kò bá gbá ìbàdí àti ìhà rẹ̀ mú, ọwọ́ tó yẹ kó fi yí sítíárì ni yóò máa fi di ara rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ tó yẹ kó fi tẹ bíréèkì ni yóò sì máa fi ta kú. Yàtọ̀ sí èyí, ìbàdí ni awakọ̀ fi ń kọ́kọ́ mọ̀ pé táyà ẹ̀yìn ti fẹ́ yọ̀, kí ojú tó rí i, àga tí kò bá sì lẹ̀ mọ́ ara kì í jẹ́ kí ìròyìn yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lásìkò.

Èrò kan tó yẹ kí a kọ́kọ́ mú kúrò ni pé àga tó rọ̀ ni àga tó dára. Tìmùtìmù rírọ̀ léwu nínú ọkọ̀ ìje, nítorí pé bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ara yóò kọ́kọ́ rì sínú fóòmù náà kí bẹ́líìtì tó gbá a mú, ìbàdí sì lè yọ́ gba abẹ́ bẹ́líìtì lọ síwájú, kí bẹ́líìtì wá fún ikùn dípò egungun. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo fóòmù líle, tí ìrọ̀rùn àga fi wà nínú bó ṣe bá ara mu, tí kì í ṣe nínú rírọ̀ rẹ̀. Ìdíje Formula 1 máa ń lé díẹ̀ ní kìlómítà 300, ó sì lè tó wákàtí méjì. Láàárín àkókò yẹn, kókó kékeré kan tí a kò gé dànù lẹ́bàá egungun ìbàdí tó láti sọ awakọ̀ di ẹni tí kò lè ronú nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ìrora.

Ní àwọn ọdún 1950, awakọ̀ ìje máa ń jókòó ní ìnàró lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, lórí àga aláwọ tí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ọkọ̀ ilé. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bọ́ sí ẹ̀yìn awakọ̀ ní ìparí ọdún mẹ́wàá náà, àyè ṣí sílẹ̀ láti fi ẹ̀yìn awakọ̀ lélẹ̀ kí ọkọ̀ lè rẹlẹ̀, kí atẹ́gùn má sì dí i lọ́wọ́. Ọkọ̀ ìje Lotus 25, tí ẹlẹ́rọ Colin Chapman gbé jáde ní 1962, mú ọ̀nà yìí jìnnà, inú rẹ̀ sì ni awakọ̀ Jim Clark ti di akọni àgbáyé ní 1963, níbi tó ti fẹ̀yìn tì débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀. Lónìí, gìgísẹ̀ awakọ̀ Formula 1 ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ. Bí ara bá ti dùbúlẹ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀yìn ni ìwúwo ń bà lé, àga tí a gé fún gbogbo ènìyàn kò sì lè tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn mọ́.

Kí a tó po ohunkóhun, ipò awakọ̀ ni a ń kọ́kọ́ tò. A ó yọ àga àtijọ́ kúrò, a ó fi ọ̀rá tó nípọn bo inú ọkọ̀ kí fóòmù má bàa lẹ̀ mọ́ wáyà, páìpù àti irin, a ó sì fi pákó tàbí fóòmù tí a ti gé gbé awakọ̀ sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀ ọkọ̀, nítorí pé ẹni tó bá jókòó ní tààrà sórí irin yóò ní àga tó tín-ín-rín jù níbi tí egungun rẹ̀ ti nílò rẹ̀ jù lọ. Orúnkún gbọ́dọ̀ ṣẹ́po díẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá tẹ bíréèkì dópin, ìgbọ̀nwọ́ náà gbọ́dọ̀ ṣẹ́po bí ọwọ́ bá di sítíárì mú, akoto tó wà lórí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ga ju ìlà tó so irin ààbò ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ti iwájú lọ. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ wọ bàtà ìje, akoto àti HANS, ohun èlò tó ń jókòó sórí èjìká tí kì í jẹ́ kí ọrùn fò síwájú nígbà ìjàǹbá, tó sì di dandan nínú Formula 1 láti 2003. Ẹni tó bá da àga rẹ̀ láìwọ HANS yóò rí i lẹ́yìn náà pé kò sí àyè fún un mọ́, yóò sì ní láti gé ibi èjìká dànù.

Ohun tí a ń dà náà ni fóòmù polyurethane, èyí tí Otto Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí ẹbí rẹ̀ ní Leverkusen, Jámánì, ní 1937. Omi méjì ló ń di fóòmù yìí: ọ̀kan ni polyol, èkejì ni isocyanate. Bí a bá pò wọ́n pọ̀, ooru yóò jáde, gáàsì yóò sì kún inú rẹ̀, yóò wú ní ìlọ́po ìlọ́po, yóò sì le láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. A ó da àdàlù náà sínú báàgì ọ̀rá ńlá tí a ti tẹ́ sẹ́yìn awakọ̀, a ó dì í lẹ́nu, àwọn olùrànlọ́wọ́ méjì yóò sì máa fi ọwọ́ darí rẹ̀ lọ sí ibi tó yẹ. Fóòmù tó ń wú lágbára láti ti ènìyàn sókè àti síwájú, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ èjìká awakọ̀ mọ́lẹ̀, kí awakọ̀ fúnra rẹ̀ sì di sítíárì mú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí pẹ́dàlì, kó má mira títí yóò fi le. Ó dára kí a dà á ní ìpele, kí ìbàdí àti ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ṣáájú, kí ìhà àti èjìká tẹ̀lé e. Àwọn tó ń kánjú tí wọ́n da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sábà máa ń rí ihò ńlá nínú rẹ̀ bí wọ́n bá gé e.

Ojú ọjọ́ Èkó ní ipa tirẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ó sì yẹ kí a dúró lórí rẹ̀. Àkókò wíwú tí wọ́n kọ sí ara agolo fóòmù sábà máa ń jẹ́ ti yàrá tó tutù. Níbi tí ooru bá ti tó ìwọ̀n 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àdàlù náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wú kí ọwọ́ tó dé ibi tó ń lọ, bí a kò bá kọ́kọ́ gbé agolo méjèèjì sí ibi tútù. Omi inú afẹ́fẹ́ tún máa ń bá isocyanate jà: yóò di gáàsì, fóòmù yóò kún fún ihò tí kò dọ́gba, agolo tí a ṣí tí a kò dé dáadáa yóò sì di èépá lójú. Ohun tó burú jù ni pé èéfín isocyanate ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè dá ikọ́ fée sí ẹni tí kò ní in tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ inú gárééjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì kò bójú mu rárá. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ìbọ̀wọ́, awò ààbò àti ìbòmú tó yẹ fún kẹ́míkà ni a gbọ́dọ̀ lò.

Ọ̀nà kejì kò mú fóòmù olómi lọ́wọ́. Àwọn hóró kéékèèké polystyrene, irú èyí tó máa ń kún inú ìrọ̀rí, ni a ń pò mọ́ résíìnì epoxy nínú báàgì tó lágbára. Awakọ̀ yóò jókòó lé e, ẹ̀rọ yóò sì fa afẹ́fẹ́ inú báàgì náà jáde títí tí àwọn hóró náà yóò fi há mọ́ra. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ ní Amẹ́ríkà nítorí pé a lè tún un ṣe kí résíìnì tó le, àga náà sì fúyẹ́. Àmọ́ ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, bí iná bá sì lọ tí afẹ́fẹ́ wọlé padà, àwòrán ara ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní Èkó nílò jẹnẹrétọ̀ tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, àti fáàfù tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà.

Lẹ́yìn tí àga bá le, a ó fi ọ̀bẹ àti ayùn gé etí rẹ̀, a ó ṣí ihò fún gbogbo bẹ́líìtì, títí kan èyí tó gba àárín itan, a ó fi sáńpéépà dán an, a ó sì fi aṣọ tí iná kì í tètè mú bò ó, nítorí pé polyurethane lásán máa ń jó kíákíá, èéfín rẹ̀ sì jẹ́ májèlé. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá kì í fi fóòmù náà sáré: wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì fi carbon fibre ṣe èyí tí awakọ̀ yóò lò gan-an. Láti 1999, òfin FIA, àjọ tó ń darí eré ọkọ̀ lágbàáyé, ti sọ ọ́ di dandan nínú Formula 1 pé kí àga ṣeé gbé jáde pẹ̀lú awakọ̀ tó farapa nínú rẹ̀, kí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ má bàa yí. Bóòtì tó so ó mọ́ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju méjì lọ, irinṣẹ́ kan náà ni gbogbo òṣìṣẹ́ ìgbàlà sì fi ń tú u. Ní 2019, òfin náà tún sọ ọ́ di dandan pé kí awakọ̀, àga rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ wọn ó kéré tán kílò 80 lápapọ̀, kí awakọ̀ gíga má bàa máa fi ebi pa ara rẹ̀.

Nàìjíríà kò ní pápá ìje Formula 1, ṣùgbọ́n ọkọ̀ oníjókòó kan kì í ṣe àjèjì sí Èkó. Ní 2014, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó tó wà ní Akọkà gbé ọkọ̀ Autonov tí wọ́n ṣe fúnra wọn lọ sí Rotterdam fún Shell Eco-marathon, ìdíje tí a fi ń wo ọkọ̀ tó lè fi epo díẹ̀ rìn jìnnà jù lọ, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Benin náà sì gbé tiwọn lọ. Eré kọ́ ni wọ́n ń sá níbẹ̀, síbẹ̀ òfin ìdíje náà béèrè pé kí awakọ̀ lè jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10, bí Formula SAE ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe béèrè pé kó jẹ́ láàárín 5. Níbi tí awakọ̀ púpọ̀ bá ti ń pín ọkọ̀ kan lò, a lè da àga ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí a máa pààrọ̀ wọn.

Ohun tí iṣẹ́ náà gbà kò jìnnà sí Àjàó Estate. Ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin, níbi tí àga mọ́tò, bẹ́líìtì àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀ ti ń tà, kò jìnnà síbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ fáíbà tó ń tún bọ́ńpà ṣe sì mọ résíìnì lò dáadáa. Vitafoam, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, ń ṣe fóòmù polyurethane ní Ìkẹjà. Ní Ìgbóbì, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún egungun, tó bẹ̀rẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó farapa, ti ń da P.O.P., ìyẹfun tí a ń fi omi pò tó sì ń le, mọ́ ara aláìsàn láti ọjọ́ pípẹ́, ìmọ̀ ibẹ̀ nípa ibi tí egungun ti ń gba ìwúwo àti ibi tí kò yẹ kí a tẹ̀ sì ni ìmọ̀ tí adàga nílò jù lọ. Ohun tó kù ni kí àwọn oníṣẹ́ yìí pàdé ara wọn. Ó tọ́ kí àwọn ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì wa pe oníṣẹ́ fáíbà, aránàga mọ́tò àti oníṣẹ́ ìwòsàn egungun jọ sínú gárééjì kan kí wọ́n tó da àga ọkọ̀ wọn tó kàn, kí wọ́n sì fi aago wo ìjáde awakọ̀ kí ọkọ̀ náà tó kan ọ̀nà.